Jẹ́ Kó Wà: Ìgbésí Ayé Alámì, Ẹni Tó Kọ́ Fóònù ní Èdè Wa

Ọdún 1962 ni wọ́n bí olóògbé, nínú yàrá kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń tún aago ṣe. Aago ni bàbá wọn ń tún ṣe, aago náà ni bàbá tó bí bàbá wọn tún ṣe títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Aránṣọ ni ìyá wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wà lókè, aago bàbá wà nísàlẹ̀, nítorí náà ohun tí olóògbé kọ́kọ́ gbọ́ láyé ni ariwo ẹ̀rọ oríṣi méjì tí wọn kò bára wọn mu. Ìyá wọn máa ń sọ pé ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi máa ń sùn bí ẹ̀rọ bá ń dún, tó sì máa ń ké bí ilé bá dákẹ́. Àwọn ni àkọ́bí nínú ọmọ méjì. Àbúrò wọn obìnrin, tí òun náà di aránṣọ, wà láàárín wa níbí.

Ẹbí kí gbogbo yín, ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ tí ẹ wá bá wa jókòó lónìí. Ìyàwó olóògbé ló kọ ìtàn yìí. Àwọn ọmọ kà á, wọ́n sì ní kó lọ bó ṣe rí. Àwọn ará ibi iṣẹ́ olóògbé ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mu tíì tán. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò bá olóògbé gbé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa wọn ni bí ọ̀rọ̀ sísọ ṣe wà láàárín àwọn àti ìyàwó wọn fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, bí ó ṣe fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àti bí kò ṣe bọ́.

Ní ọdún 1968, olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé, ẹnu wọn sì gùn. Olùkọ́ wọn kọ ọ́ sínú èsì ìdánwò pé ọmọ yìí ìbá ṣe ipò kìíní bí ó bá lè pa ẹnu rẹ̀ dé. Rédíò ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n. Bí ìròyìn orí rédíò bá ti parí nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, olóògbé á sáré gun àtẹ̀gùn lọ bá ìyá, wọ́n á sì tún gbogbo rẹ̀ sọ látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú àfikún. Ìyá kò ní gbójú kúrò lára aṣọ. Ìbéèrè kan náà ni ìyá máa ń bi ọmọ: "Èwo ni rédíò sọ, èwo ni ìwọ sọ?" Títí olóògbé fi di àgbàlagbà, ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi ń ka ìwé ìròyìn, òun ni wọ́n sì fi ń wo gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn.

Nígbà tí wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1980, bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n jókòó ti aago. Wọ́n bẹ bàbá, wọ́n ní aago kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n lọ kọ́ títún táípúráítà ṣe lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ilé ẹjọ́, níbi tí àwọn akọ̀wé ti ń ba ẹ̀rọ wọn jẹ́ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bínú sí ẹ̀rọ. Kò sí táípúráítà kankan tó ní àmì orí ọ̀rọ̀ wa. Bí wọ́n bá tẹ lẹ́tà ìdílé fún ènìyàn tán, bírò ni wọ́n fi ń kan àmì sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí bírò náà á sì máa jò sínú àpò àyà wọn.

Bírò tó ń jò yìí ló fún wọn níyàwó. Ní ọdún 1987, wọ́n gbé aṣọ funfun kan lọ sí ilé ìfọṣọ tó wà ní ìkángun òpópónà wọn. Ọmọbìnrin tó ń lọ aṣọ níbẹ̀ wo àbàwọ́n dúdú tó wà láyà aṣọ náà, ó wo olóògbé, ó sì bi wọ́n pé, "Ṣé àyà ni ẹ fi ń kọ̀wé ni?" Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé òmíràn wá, àbàwọ́n wà láyà. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kẹta dé, ẹ̀yìn aṣọ ni àbàwọ́n wà. Ọmọbìnrin náà mọ̀ nígbà yẹn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ bírò mọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1988. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ìyàwó olóògbé kò kàwé. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló tọ́ ní àkókò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi ló fi ń so aṣọ oníbàárà mọ́ra kó má baà pàdánù, kò sì gbé aṣọ ẹnìkan fún ẹlòmíràn rí. Olóògbé kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé, wọn kò sì fi ṣe àánú. Nígbà tí ìyàwó wọn bẹ̀rẹ̀ sí gba aṣọ lọ̀ nílé, wọ́n gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìlọṣọ. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á ka ìwé ìròyìn sókè, wọ́n á sọ èyí tí àwọn gbà gbọ́ àti èyí tí àwọn kò gbà gbọ́, ìyàwó á máa lọ aṣọ, á sì máa dá wọn lóhùn. Wọ́n jà lórí owó orí, lórí bọ́ọ̀lù, lórí bóyá ènìyàn dé òṣùpá lóòótọ́. Àwọn ọmọ máa ń sọ pé ilé àwọn kò nílò tẹlifíṣọ̀n, nítorí òórùn aṣọ gbígbóná àti ohùn bàbá àwọn ni ìròyìn.

Ní àkókò yẹn náà, táípúráítà bẹ̀rẹ̀ sí kúrò ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá wọn ní kọ̀ǹpútà á kọjá lọ bí àṣà irun. Olóògbé dá ọ̀gá lóhùn pé bó bá fẹ́ kọjá, ó yẹ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ láti sìn ín dé ọ̀nà. Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 1994, ilé iṣẹ́ ńlá kan gbà wọ́n láti máa bójú tó kọ̀ǹpútà, nínú yàrá kan tó tutù bíi pé wọ́n ń tọ́jú ẹja síbẹ̀. Ìyàwó wọn hun ẹ̀wù òtútù kan fún wọn, wọ́n sì wọ̀ ọ́ títí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi lu.

Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ náà gba iṣẹ́ láti fi èdè wa sínú fóònù. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ṣáájú wọn, láìrí fóònù sójú. Ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí àlàyé. Nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni òyìnbó ń lò fún kí nǹkan wà ní ìpamọ́ àti kí ọkàn rí ìgbàlà, níbi tó yẹ kí fóònù ti béèrè bóyá kí òun tọ́jú àwòrán, ohun tó ń bi ènìyàn ni pé, "Ṣé o fẹ́ ìgbàlà?" Olóògbé ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àwọn máa rí fóònù tó ń wàásù. Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, àwọn àti ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n jọ jókòó sí yàrá kan. Orí wọn wú, ó sì tọ́ sí wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn náà ṣe àṣìṣe tiwọn, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí olóògbé fúnra wọn kì í fi í pa mọ́. Fún bọ́tìnì tí ènìyàn máa tẹ̀ bí kò bá fẹ́ àwòrán mọ́, wọ́n kọ "Pa á rẹ́." Ọ̀rọ̀ náà pé, kò sí àléébù lára rẹ̀. Àmọ́ bọ́tìnì fóònù olówó pọ́ọ́kú kéré. Ó gé "rẹ́" kúrò. Ohun tó kù ni "Pa á."

Àkọ́bí olóògbé ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Olóògbé fi àwòrán ìkókó ránṣẹ́ sórí fóònù tuntun tí wọ́n rà fún ìyá wọn. Ìyá fi ìka kan bọ́tìnì kan láìmọ̀, ni fóònù bá gbé àwòrán ọmọ tuntun jáde, ó kọ "Pa á" sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ "Rárá" sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá kò tẹ nǹkan kan. Ìyá fi gèlè di fóònù náà, wọ ọkọ̀, ó di ọ́fíìsì tí ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, láìmọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ni. Wọ́n mú ìyá wọ yàrá tí olóògbé, àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì àti ọ̀gá àgbà ti ń ṣèpàdé. Ìyá tú gèlè, gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì béèrè pé, "Ẹni tó kọ èyí, ṣé ó bímọ?"

Olóògbé dìde. "Èmi ni, Màámi."

Ìyá wò wọ́n títí. "Mo mọ̀ pé ìwọ bímọ," ni ìyá wí. "Ọmọ ọmọ rẹ ni wọ́n ní kí n pa."

Ọ̀gá àgbà gbìyànjú láti bá wọn dá sí i. Ó ní ṣebí a ń pa iná, a ń pa tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó kú. Ìyá dá a lóhùn pé iná kò rẹ́rìn-ín sí òun rí. Lẹ́yìn èyí ni ìyá jókòó, wọ́n sì gbé omi tútù wá.

Bọ́tìnì kò ṣeé fẹ̀, nítorí gbogbo èdè ló ń lo bọ́tìnì kan náà. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Olóògbé rò ó lójú ọ̀nà, wọ́n rò ó nídìí tábìlì ìlọṣọ, wọ́n sì fi bi ẹni tó wá gba aṣọ. Nígbẹ̀yìn, "Yọ ọ́" ni wọ́n mú, ó ṣe rẹ́gí. Ọ̀dọ́ kan nínú wọn tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, àwọn ará ọ́fíìsì sì ń rẹ́rìn-ín pé ṣé fóònù ní kí àwọn yọ̀ ni, àbí ó ní kí àwọn yó. Olóògbé ní kò ní jáde láìsí àmì. Ọ̀gá ní àmì ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Olóògbé ní kó falẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn débi pé ọ̀gá kò fi orúkọ pè wọ́n mọ́, Alámì ló ń pè wọ́n. Orúkọ náà dùn mọ́ wọn, ó sì lẹ̀ mọ́ wọn títí dòní. Wọ́n fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà.

Ó wá ku bọ́tìnì kejì. Ìyá ní ọmọ tó ń ṣe ìjàngbọ̀n ni a ń sọ "Rárá" fún. Olóògbé wá bi ìyá pé, lọ́jọ́ tí àwòrán ìkókó wà lójú fóònù, kí ni ìyá ìbá fẹ́ sọ fún un. Ìyá kò ronú lé e. "Jẹ́ kó wà," ni ìyá wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olóògbé ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Ìyá ti sùn láti ọdún 2016, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ṣì ń bẹ lójú fóònù àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí.

Ní àdúgbò, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni olóògbé máa ń kọ́ àwọn àgbà bí a ṣe ń lo fóònù, láìgba kọ́bọ̀. Ilé ìwòsàn òpópónà wa kọ ọ́ sára ògiri nígbà kan pé "E ma tu ito sile," láìsí àmì kankan. Àwọn kan ń tutọ́ síbẹ̀, wọ́n ní ohun tí àwọn kà ni pé kí àwọn máa tu ú. Olóògbé yá àkàsọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kun ilé, wọ́n gùn ún tòun ti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi gbogbo àmì náà sí i. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lè wò ó bí ẹ bá ń padà lọ.

Nínú ìjọ, àwọn ló ń bójú tó ẹ̀rọ agbóhùnjáde. Wọn kì í gbàdúrà gígùn. Wọ́n ní Ọlọ́run gbọ́ wọn nígbà àkọ́kọ́.

Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹbí mọ̀ sí Ọ̀rọ̀ Kí N Tó Wọ Bàtà. Láràárọ̀, kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sórí fóònù fún gbogbo ẹbí. Fún ìyàwó, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, tàbí kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ fún un bó bá ti jáde. A mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wá:

"Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ní kí n tọ́ka sí gbogbo àwòrán tí kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rọra bi ìyá yín bóyá ènìyàn ló fẹ́."

"Ìròyìn ní ẹ̀rọ ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Kó máa bọ̀. Abọ́ àná ṣì wà nílẹ̀, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Mo fi orúkọ tí mo ń pe ìyàwó mi ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí tí mo fi ń ṣí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní kò lágbára tó. Kò tíì bá a pàdé ni."

"Ìròyìn tó bá ti mú yín bínú kí ẹ tó kà á dé ìdajì, ẹni tó kọ ọ́ ti rí ohun tó ń wá gbà."

"Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe wérewère, a máa ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn. Ènìyàn kò ṣeé pa kí a tún un tàn. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi fún wa ní oorun."

Ní ọdún 2021, ohùn olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí há. Dókítà rí kókó kan lọ́nà ọ̀fun. Ó ṣàlàyé pé kókó náà kò ṣeé mú kúrò láìmú ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀, olóògbé kò ní pẹ́ láyé. Olóògbé dé ilé, wọ́n jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ tábìlì ìlọṣọ, wọ́n sì sọ fún ìyàwó wọn pé, "Dókítà bi mí ní ìbéèrè tí èmi fúnra mi kọ. Yọ ọ́, àbí jẹ́ kó wà." Ìyàwó lọ ọwọ́ aṣọ kan ṣoṣo títí. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n yọ ọ́, kí àwọn fúnra wọn lè wà.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, àwọn ọmọ ní kí bàbá gba ohùn sílẹ̀ fún ìyá àwọn, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ìyàwó kọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ìdágbére lọ́wọ́ ẹni tó ń padà bọ̀ wá sílé. Ó ní kí wọ́n ka ìròyìn. Olóògbé jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wọ́n sì ka ti ọjọ́ yẹn látòkèdélẹ̀: iye tí owó ọkọ̀ fi lé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fìdí rẹmi, òjò tí wọ́n ní yóò rọ̀. Ohùn náà há, ó sì ń gé. Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ ni pé, "Ìròyìn tán. Ó yá, èwo ni rédíò sọ, èwo ni mo sọ?" Ìyẹn ni ohùn wọn tó kẹ́yìn tí a ní.

Wọ́n padà wá sílé lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ọ́fíìsì, nítorí ìfẹ́, ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi ohùn olóògbé ka ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀. Ohùn wọn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, olóògbé fẹ́ kí ìyàwó wọn, wọ́n tẹ "Kú iṣẹ́ o." Ẹ̀rọ ní, "Kú ìṣẹ́ o." Ìyàwó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ẹ bá mi sọ fún un pé ìṣẹ́ kò sí nílé yìí." Olóògbé rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì, ẹ̀rín láìsí ohùn. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, wọ́n ti ẹ̀rọ náà sínú dúrọ́ọ̀, wọn kò mú un jáde mọ́.

Ilé wá dákẹ́. Olóògbé ń kọ ọ̀rọ̀, ìyàwó kò lè kà á. Bí ọmọ kan bá wá, ọmọ náà á kà á fún ìyá rẹ̀, ìyá á fèsì, bàbá á tún kọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí tọkọtaya kò lè fi rán ọmọ. Olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí kọ kúkúrú. Ó di oúnjẹ, ó di oògùn, ó di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ Kí N Tó Wọ Bàtà dúró. Ìwé ìròyìn ń kó jọ lórí àga. Ìyàwó rí i pé ọkọ òun wà nílé, ṣùgbọ́n ẹni tí òun fẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ìwé ìròyìn kan fún wọn, ó ní, "Ẹ kọ́ mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka ọkọ mi fún mi."

Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún nígbà náà. Lẹ́tà kò pẹ́ púpọ̀. Àmì ni iṣẹ́. Báwo ni ẹni tí kò ní ohùn ṣe fẹ́ fi òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn kọ́ ènìyàn? Olóògbé wo ọwọ́ ìyàwó wọn tó ń lọ aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n tẹ́ ẹ gbọọrọ bí ẹni ń lọ aṣọ, wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ gbọọrọ nígbà méjì, ọkọ. Ọwọ́ gbọọrọ, kí ó sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀. Ọwọ́ gbọọrọ, kí ó gòkè, ọkọ́. Ìyàwó á fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ bá ṣe. Bí ó bá ṣì í, olóògbé á kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà míì, tábìlì wa dún ju ti káfíńtà lọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyàwó kà láìsí ìrànlọ́wọ́ dé sórí fóònù rẹ̀ láti inú ilé ìdáná. "Omi ti hó." Ó kà á sókè, ó dìde, ó lọ wò ó, omi sì ti hó. Ó dúró ti ìkòkò náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, olóògbé tún kọ òmíràn kíákíá, wọ́n nà án sí i lójú: "Aṣọ ń jó." Ìyàwó kà á dáadáa, àmì rẹ̀ pé. Inú rẹ̀ dùn, ó yíjú sí fèrèsé láti wo aṣọ tí wọ́n sá síta, ó sì rí i pé lóòótọ́ ni wọ́n ń jó nínú afẹ́fẹ́. Ó yin ọkọ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn. Olóògbé ń kan tábìlì kíkankíkan. Ìgbà tí èéfín dé imú rẹ̀ ni ìyàwó tó yíjú padà sí ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Olóògbé kọ ọ́ sí gbogbo ẹbí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pé àwọn ti fi gbogbo ayé jà fún àmì, ṣùgbọ́n ijó àti iná, àmì kan náà ni wọ́n ń lò, kí àwọn ọmọ má sọ fún ọ̀gá. Báyìí ni Ọ̀rọ̀ Kí N Tó Wọ Bàtà ṣe padà bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìyàwó ló ń ka ìwé ìròyìn nídìí tábìlì. Olóògbé á máa kọ èsì, òun á kà á sókè, á sì tún fèsì sí i, tó fi jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo ni àwọn aládùúgbò ń gbọ́ nínú àríyànjiyàn ẹni méjì. Nínú ìjọ, àwọn akọrin ní kí olóògbé wá dúró níwájú àwọn, nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ìyàwó ti mọ́ wọn lára débi pé wọ́n ń fi í tẹ̀ lé orin láìmọ̀. Wọ́n darí orin fún ọdún méjì láìsí ohùn. Ọgọ́ta ọdún lé ni wọ́n nígbà náà, wọ́n sì ń gbéra ga díẹ̀ lórí rẹ̀. A gbà fún wọn.

Àìsàn náà padà dé ní ìparí ọdún tó kọjá. Ní oṣù kejì ọdún yìí, 2024, ní òwúrọ̀, olóògbé tẹ ọ̀rọ̀ kan sórí fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó kà á fún wọn sókè: "Òjò ti rọ̀. Ẹ kó aṣọ wọlé. Ìròyìn òní kò ní nǹkan kan nínú, èyí náà ìròyìn ayọ̀ ni." Bí ó ti ń kà á, ọwọ́ wọn ń lọ sókè, ó ń tẹ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí aṣọ ìbora. Wọn kò kan ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rárá. Àmì rẹ̀ pé. Wọ́n sùn ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Olóògbé fi ìyàwó wọn sáyé lọ. Wọ́n fi àkọ́bí wọn obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àti àbíkẹ́yìn wọn obìnrin tó jẹ́ olùkọ́, pẹ̀lú àwọn ọkọ àti ìyàwó wọn. Wọ́n fi ọmọ ọmọ márùn-ún sílẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni ìkókó tí fóònù ní kí a pa, ó sì ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí. Wọ́n fi àbúrò wọn aránṣọ náà sílẹ̀, àti ọ̀dọ́ méjì ọ́fíìsì tí wọn kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́.

Nígbà tí a ń wá àwòrán tí a fi sí iwájú ìwé yìí, fóònù ìyàwó olóògbé kún. Fóònù náà ní kò sáyè mọ́. Ó mú ohun tó pẹ́ jù tó sì tóbi jù jáde, ìròyìn tí olóògbé kà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ní ọdún 2021, ó sì béèrè ohun tí òun máa ṣe sí i. Àwọn ọmọ ti na ọwọ́ láti bá ìyá wọn gba fóònù náà. Ìyá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun rí i. Ó ka bọ́tìnì kìíní sókè, ó ka èkejì sókè, ó sì fi ìka rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ, tí ọkọ rẹ̀ kọ. Jẹ́ kó wà.

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, a bẹ̀ yín, bí ẹ bá délé, ẹ kà á sókè fún ẹnìkan, kí ẹ sì ka àmì rẹ̀ pé. Bí ẹ bá gbọ́ tí tábìlì dún, ẹ tún un kà.

Alámì, ọkọ wa, bàbá wa, rédíò ilé wa, ẹ ti ṣe iṣẹ́ yín, ó sì dára. Kí Ọlọ́run tó fún wa ní oorun pa iná fún yín jẹ́jẹ́, kí ó sì tún yín tàn níbi tí àìsàn kò sí. Títí a ó fi pàdé, a ó máa ka ìròyìn. Ẹ sùn re o.